Ọ̀nà Kan Ṣoṣo Tí Ó Yẹ Kí Ìjẹ̀bú Tún Dí

Kẹ̀kẹ́ ológeere kan wà tó fara ti ògiri ní ẹ̀yìnkùlé bàbá wa àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Raleigh ni, dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, irin ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ó lè gbé àpò gaàrí kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun ìṣeré tó ti bàjẹ́ ni mo pè é. Ní ọjọ́ tí mo wá bi bàbá léèrè ohun tí wọ́n fi í ṣe nígbà èwe wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà ni mo fi kà."

Mo rò pé àlọ́ ni wọ́n fẹ́ pa fún mi. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni àwọn ti mọ abúlé kan sí èkejì, tí àwọn ti mọ ibi tí odò ti ń kún ní ìgbà òjò, àti ibi tí àwọn àgbà ti jà, tí wọ́n sì sin òkú wọn sí. Wọ́n ní, "Ẹni tó wọ mọ́tò, ìlú tó ń lọ nìkan ló ń rí. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló ń rí ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn tí mo fi kọ àròkọ yìí. Ìtàn Ìjẹ̀bú, ìtàn ọ̀nà ni. Nígbà kan rí, àwọn baba wa dí ọ̀nà wọn, àwọn àjèjì sì fi ìbọn ṣí i. Lónìí, gbogbo ọ̀nà wa ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Síbẹ̀, lẹ́yìn ohun tí mo fi ojú ara mi rí, mo gbà pé ọ̀kan wà nínú wọn tí ó yẹ kí a tún dí.

Ilẹ̀ wa kò ní àpáta bí Olúmọ ti Abẹ́òkúta, kò sì ní òkè bí ti Ìdànrè. Ilẹ̀ yanrìn àti yangí pupa ni. Ó ń ga díẹ̀, ó ń rọ̀ díẹ̀, omi sì máa ń ṣàn ní ibi tó bá ti rọ̀. Odò Ọ̀ṣun gba ìhà ìlà-oòrùn wa kọjá lọ sínú ọ̀sà. Odò Yemọjí wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn máa ń gbà láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní gúúsù ni ọ̀sà fúnra rẹ̀ wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ti máa ń gúnlẹ̀ nígbà kan rí sí ọjà Èjìnrìn, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Òkè kan wà tí àwa náà lè fi yangàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló mọ ọ́n. Òun ni à ń pè ní Erédò Sùngbọ́.

Erédò jẹ́ yàrà tí a gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí a sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi ṣe odi. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà, èyí tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Ọ̀mọ̀wé Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959. Ní àwọn ọdún 1990, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Patrick Darling rin etí rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó sì kéde rẹ̀ fún ayé. Ó ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa kó níbẹ̀ pọ̀ ju òkúta tí wọ́n fi kọ́ òkè ìsìnkú ńlá ti àwọn ọba Íjíbítì lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ọkọ́, apẹ̀rẹ̀ àti orí ènìyàn ni.

Ta ló ṣe é, nígbà wo sì ni? Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Bílíkísù Sùngbọ́, opó tí kò bí ọmọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Ibojì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ti wí, wà ní Òkè-Èrì, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nítorí orúkọ Bílíkísù, àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Àwọn onímọ̀ kò gba ti Ṣébà yìí, nítorí ayé Sólómọ́nì ti pẹ́ ju ti Erédò lọ jìnnà. Àwọn kan nínú wọn sọ pé Erédò ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wò láìpẹ́ yìí sì sọ pé ó tó nǹkan bí 600 ọdún. Èyí tó wù kó jẹ́, a ti gbẹ́ ẹ parí kí òyìnbó kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ etí òkun wa.

Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwé. Ní nǹkan bí 1505 sí 1508, atukọ̀ Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan lẹ́yìn ọ̀sà Èkó tí yàrà ńlá yí ká. Ó pe ìlú náà ní "Geebuu", ó sì pe ọba ibẹ̀ ní "Agusale". Ọmọ Ìjẹ̀bú kankan kò nílò ògbufọ̀ fún èyí: Ìjẹ̀bú ni, Awùjalẹ̀ sì ni. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé wọ́n ń ta ẹrú àti eyín erin níbẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ nítorí pé ó dùn wá. Ènìyàn wà lára ohun tó gba ọ̀nà wa kọjá. Òṣìfẹ́kúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí àwọn olè ojú omi mú ní nǹkan bí 1820, di ẹrú ní Brazil, ó sì dé Paris lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ d'Avezac ti jókòó tì í, tó sì kọ ohun tó rántí nípa ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Lórí omi tiwa ni wọ́n ti gbé e lọ.

Odi àti yàrà ní ẹnu ibodè. Ibi tí ibodè bá sì wà, oníbodè á wà níbẹ̀. Ọgbọ́n tí Ìjẹ̀bú fi lówó nìyẹn. Ìlú wọn wà láàárín ọ̀sà àti òkè. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti Èkó bọ̀. Epo, oúnjẹ àti aṣọ òfì ń ti òkè bọ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú kò gbà kí àwọn méjèèjì pàdé láìjẹ́ pé àwọn wà láàárín. Oníṣòwò láti Ìbàdàn kò lè gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Èkó. Ní ọjà ẹnu ààlà, bí ti Òrù, ni yóò ti tajà rẹ̀, tí yóò sì ti padà. Àwọn àjèjì kò lè rìn gaara nínú ìlú. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ogun tàbí ti ìjà, Awùjalẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ a pàṣẹ, ọ̀nà a sì dí.

Àwọn òyìnbó Èkó kò fẹ́ èyí rárá. Wọ́n ń fẹ́ kí epo àti èkùrọ́ máa dé ọwọ́ wọn láìsí ìdíwọ́. Ní 1891, Denton, ẹni tó ń ṣe adelé gómìnà, gbé ẹ̀bùn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ Àbókì Túnwàṣe kò gbà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú fọwọ́ sí àdéhùn ní Èkó níwájú Gómìnà Carter pé àwọn yóò ṣí ọ̀nà, kí ìjọba sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n dá oníwàásù òyìnbó kan padà lójú ọ̀nà, Carter sì rí ohun tó ń wá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun lábẹ́ Ọ̀gágun Scott gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì dojú kọ òkè. Ní ọjọ́ 19, àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní odò Yemọjí, ní ìhà Ìmàgbọ̀n. Wọ́n jà bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìbọn Maxim, tí ń yọ ọta bí ìgbà tí òjò ń rọ̀, wà lọ́wọ́ àwọn tó wá bá wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà tí ó ti wà ní dídí fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣí ní ọjọ́ kan.

Kí ni èyí kàn kẹ̀kẹ́ bàbá wa? Ó kàn án ju bí a ti rò lọ. Ní 1885, John Kemp Starley ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí à ń gùn títí di òní, tí táyà rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ní 1888, Dunlop, oníṣègùn ẹran ọ̀sìn ní Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà rọ́bà tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Láàárín ọdún díẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń ṣe táyà sì ń wá rọ́bà kiri ayé. Igi irẹ́, tó ń mú rọ́bà jáde, pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ọ̀nà sì ti ṣí. Wọ́n wọ inú igbó, wọ́n ń bẹ́ igi irẹ́ lára, wọ́n ń gba oje rẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tó jáde láti Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́n-ùn. Wọn kò fi igi sílẹ̀ kó sinmi. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ igi irẹ́ ti kú, òwò náà sì ti fọ́.

Nítorí náà, kí kẹ̀kẹ́ tó di ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa, igbó wa ti lọ sínú táyà kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Èyí ni ohun tí ṣíṣí ọ̀nà kọ́kọ́ mú wá: ohun tiwa jáde, a kò sì bi wá bóyá a fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba Abẹ́òkúta. Kò yà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹsẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni Ìjẹ̀bú fi ń rìn. Akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́, olùkọ́ gùn ún, oníwàásù gùn ún, adẹ́mu so agbè mọ́ ọn. Ọ̀nà yangí ló sì bá kẹ̀kẹ́ mu, torí pé yangí le tó láti gbé táyà, kò sì gba eré àsápajúdé. Nígbà tí títì ọlọ́dà wá pọ̀, tí mọ́tò àti alùpùpù gba ojú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ fà sẹ́yìn. Lónìí, bí o bá dúró ní ibùdókọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tí o pariwo "Kẹ̀kẹ́!", Maruwa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dá ọ lóhùn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pinnu láti lọ wo Erédò. A ti tún Raleigh bàbá ṣe: a pààrọ̀ táyà àti bíréèkì, a fi epo sí ṣéènì. Ẹ̀gbọ́n mi yá tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá ní kí a má gba títì. Wọ́n ní, "Ọ̀nà oko ni kí ẹ tọ̀. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ bí ẹ bá dé ibi tó ga. Ojú kò tì mí láti ti tèmi rí."

A kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ títì díẹ̀, torí kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè fi jáde ní ìlú. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju gbogbo ìrìn yòókù lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan súnmọ́ wa débi pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ mi sínú koríko. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà oko, gbogbo ariwo dákẹ́. Mo gbọ́ ìró yangí lábẹ́ táyà. Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ kí wa, àwa náà kí wọn, "Ẹ kú oko o, ẹ kú ìdárò." Ìyá kan bi wá ilé ẹni tí a ti wá, ó sì mọ bàbá wa. Nínú mọ́tò, kò sí ẹni tí ì bá bi wá.

Nígbà tí a dé Òkè-Èrì, wọ́n sọ fún wa pé àṣà ibẹ̀ kò gba obìnrin láyè láti wọ ojú ibojì Sùngbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, èmi sì dúró ti kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ronú bí mo ti dúró níbẹ̀: obìnrin kan ni ìtàn sọ pé ó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí a gbàgbé òun. Bí èmi kò bá lè rí ibojì rẹ̀, ó yẹ kí n lè rí iṣẹ́ rẹ̀.

A lọ rí i. Apá kan Erédò tí a dé ṣì dára. A sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, ó tutù bí inú kànga. Ògiri rẹ̀ dúró gbọnrangandan ní apá ọ̀tún àti òsì, ewédò hù sí i lára, igi sì nà jáde lókè títí ẹ̀ka wọn fi pàdé, tí oòrùn kò fi lè wọlé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dé ibòmíràn. Ẹnìkan ti gé odi náà já kí típà lè rí ọ̀nà kọjá, wọ́n sì ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ fi kún ilẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Yàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kún fún ọ̀rá omi àti ìdọ̀tí. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń wà. Ó ní, "Erùpẹ̀ ni, àǹtí." Mi ò lè bá a wí. Kò sí pátákó kan níbẹ̀ tó sọ ohun mìíràn fún un. Ohun tí àwọn baba wa fi orí rù jọ ní apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, típà kan ń gbé e lọ láàárín wákàtí kan.

Ìjọba Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO láti 1995, pé kí wọ́n gbà á sínú àwọn ibi ìtàn àgbáyé. Orúkọ náà ṣì wà nínú àwọn tí ń retí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, odi kan wà tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní nǹkan bí ọdún 122, tí wọ́n ń pè ní odi Hadrian. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 117 kìlómítà, kò tó Erédò tiwa. Ó ti wà nínú ìwé UNESCO láti 1987. Ní 2003, wọ́n ṣí ọ̀nà tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè gbà láti ìpẹ̀kun rẹ̀ kan dé èkejì. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tọ̀ ní ìhà rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá láti òkèèrè, wọ́n ń sùn sí àwọn abúlé, wọ́n ń ra oúnjẹ. Odi náà ń bọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó ìyẹn. Mi ò sọ pé kí a na owó gọbọi. Ọ̀nà yangí ti wà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí àwọn ìlú tí Erédò gba ilẹ̀ wọn kọjá fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n mú ibì kan, bóyá kìlómítà mẹ́wàá péré, kí wọ́n sì dí i mọ́ mọ́tò àti típà. Kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan máa kọjá. Kí a ri pátákó mọ́ ibẹ̀ ní èdè Yorùbá. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ni a fi ń jẹun, a kò lè fi ṣe ìrántí. Òótọ́ ni pé ẹni tó ni oko lẹ́bàá Erédò ní láti jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí a gba àgbẹ̀ láyè, kí a má sì gba típà. Kẹ̀kẹ́ lè gbé iṣu láti oko, kò sì lè gbé odi lọ. Àwọn mìíràn á ní ìwà àtijọ́ ni dídí ọ̀nà, òun ló sì kó ogun 1892 bá wa. Ṣùgbọ́n nígbà náà, a dí ọ̀nà kí èrè má baà bọ́ lọ́wọ́ wa. Nísinsin yìí, kí ìrántí má baà bọ́ lọ́wọ́ wa ni. Kò sì sí Maxim tí yóò tún ibi tí a bá ti wó ṣe.

Nígbà tí a padà délé ní ìrọ̀lẹ́, eruku pupa ti bo kẹ̀kẹ́ bàbá. Mo fẹ́ nù ún, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n fi ìka kan yangí tó lẹ̀ mọ́ táyà, wọ́n ní, "O kà á dé ibo?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ nípa ibi tó tutù, mo sì sọ nípa ibi tí wọ́n ti gé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ibi tí wọ́n ti gé yẹn, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì wà lódindi. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi."

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà wa.